Irinṣẹ́ wo la lè fi to èsì scan, kí kíndìnrín òsì má baà di ti ọ̀tún mọ́?

Àǹtí Akọ̀wé, Ojúẹlẹ́gba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí oorun mi ò pé láti Jímọ̀ tó kọjá.

Èmi ni mò ń tẹ èsì níbi kan tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara ní agbègbè Ojúẹlẹ́gba. Ó di ọdún kọkànlá báyìí. Ẹ̀rọ mẹ́ta la ní: ultrasound, X-ray àti èyí tí wọ́n fi ń ya ọmú. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo kọ́, n kò kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n etí mi ti mọ ohùn dókítà wa débi pé bó bá ti ní "corticomedullary", ọwọ́ mi á ti tẹ "differentiation" kí òun tó dé ibẹ̀.

Bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ nìyí. Ibi mẹ́ta ni dókítà ti ń ka àwòrán lójúmọ́. Tó bá ti wo tiwa tán nírọ̀lẹ́, orí WhatsApp ló máa ń sọ èsì sí, ẹnì kan ohùn kan. Nígbà mìíràn awakọ̀ rẹ̀ á ti gbé e gun orí Third Mainland, fèrè danfo á sì máa bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó bá ṣe ultrasound á kọ ìwọ̀n sórí bébà pélébé kan, èmi á wá pa ohùn àti bébà pọ̀ sínú Word. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, èsì ọgbọ̀n á ti jáde lọ́wọ́ mi kí n tó lọ sílé. Kò sí bí n ṣe lè máa tẹ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, èsì ẹni àná ni mo máa ń ṣí. Màá pa orúkọ rẹ́, màá pa ọjọ́ orí rẹ́, màá tún ibi tó bá yàtọ̀ ṣe, ó parí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́yìn yọ. Obìnrin kan wá, òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀ ti òsì. Èsì tí mo ṣí jẹ́ ti bàbá kan tí òkúta tirẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Mo tún àlàyé òkè ṣe, ó di òsì. Mi ò tún ti ìsàlẹ̀ ṣe, níbi tí àkótán wà. Bébà kan náà ń sọ òsì lókè, ó ń sọ ọ̀tún nísàlẹ̀. Dókítà buwọ́ lù ú, obìnrin náà gbé e lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó rí i, tó pè wá lórí fóònù pé èwo ni kí òun gbà gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú obìnrin yẹn nígbà tó wá gba èsì. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Ọ̀gá wa fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà kan tí ẹnì kan wá fi hàn án, dọ́là ni wọ́n ń san lóṣooṣù, wọ́n ní ó máa ń to gbogbo èsì sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní òun ò fẹ́, pé fọ́ọ̀mù á so òun lọ́wọ́. Èmi ni mo wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ ń lò? Ṣé irinṣẹ́ wà tí kò ní gbà fún mi kí n gbàgbé apá?

Dókítà Àwòrán, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àǹtí, ẹ kú làálàá. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀bi náà ru ara yín. Ẹni tó buwọ́ lu èsì ló ni èsì, dókítà bíi tèmi sì ni.

Kí ọ̀gá yín má tíì san dọ́là kankan. Ohun tó ṣáájú ètò kọ̀ǹpútà ni kí ẹ mọ egungun èsì yín: kí ló máa ń wà níbẹ̀, èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e. Ìpele ìpele ni èsì títò. Àwọn kan dúró sórí àkọlé: ìdí àyẹ̀wò, bí a ṣe ṣe é, ohun tí a rí, àkótán. Àwọn mìíràn tún fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ "ohun tí a rí": ẹ̀dọ̀, àpò òróòro, kíndìnrín ọ̀tún, kíndìnrín òsì, àpò ìtọ̀. Ìpele tó ga jù ni pé ọ̀rọ̀ tí a lè fi dáhùn pàápàá ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń kọ èsì kàn ń yàn ni. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, orí àkọlé ni ọ̀pọ̀ wọn dúró sí. Ìpele kejì yẹn gan-an ni ẹ nílò, nítorí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan á ní ilé tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ òkúta á sì gbọ́dọ̀ mọ ilé tó ń wọ̀.

Ní ti dókítà yín, mi ò dá a lẹ́bi, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, bọ́tìnì kan wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, odidi èsì ikùn tí kò lárùn á já bọ́ sójú ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́ fún ìyá kan. Ẹ̀dọ̀ ìyá náà ló gba ọkàn mi, mo tún ìlà ti ẹ̀dọ̀ ṣe dáadáa, mo bọ́ sórí ẹni tó kàn. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá mi pè mí. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò òróòro rẹ̀ dára, kò sí òkúta nínú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gé àpò òróòro yẹn kúrò! Bọ́tìnì ló kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá dé orí àpò òróòro, mo máa ń dúró díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ jẹ́ kí àpótí ṣófo. Kó má ti ní "ó dára" nínú kí ojú tó dé ibẹ̀. Á gba àkókò díẹ̀ sí i lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó gbà á. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ "normal" kún tẹ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí èsì ẹni àná tí ẹ ń ṣí.

Ti ọmú kò le rárá, wọ́n ti bá wa ṣe é. American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán ní Amẹ́ríkà, ti gbé BI-RADS, ìlànà kíkọ èsì ọmú, jáde láti 1993, káàkiri ayé ni wọ́n ń lò ó. Nọ́ńbà kan ló máa ń parí èsì, láti 0 dé 6. 0 ni pé àyẹ̀wò ò tíì pé, ó ku àwòrán mìíràn, tàbí ti àtijọ́ tí a fẹ́ fi wé e. 1, a ò rí nǹkan kan. 2, nǹkan wà níbẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ. 3, ó jọ pé kò léwu, ìfòyà rẹ̀ kò ju 2 nínú 100 lọ, kí obìnrin náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. 4, a fura sí i, kí wọ́n gé díẹ̀ wò. 5, ó kéré tán 95 nínú 100 ni pé jẹjẹrẹ ni. 6, wọ́n ti gé e wò, ó ti dájú. Mo ti ka èsì ọmú olójú ìwé méjì rí tí mi ò mọ̀, nígbà tí mo kà á tán, bóyá kí obìnrin náà lọ sílé lọ sùn ni tàbí kó tètè wá dókítà. Ẹ má jẹ́ kí èsì ọmú kankan jáde lọ́dọ̀ yín láìní nọ́ńbà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kókó inú thyroid, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, fún àwọn tó ní gẹ̀gẹ̀. TI-RADS tí ẹgbẹ́ kan náà gbé jáde ní 2017, nǹkan márùn-ún ni a ń wò lára kókó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Àròpọ̀ máàkì ló ń fún kókó ní ìpele ìfura, TR: 4 sí 6 jẹ́ TR4, 7 sókè jẹ́ TR5. TR5 tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á wò. TR3 lè dúró títí yóò fi tó 2.5. Ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ lè ṣi ìṣirò yẹn ṣe, fọ́ọ̀mù tó ń ro máàkì pọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ṣì í.

Àkótán nìkan ni kí ẹ má fi sínú àpótí. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ibẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, kó kọ ọ́ bó ṣe ń ronú. Tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà.

Oníkọ̀ǹpútà, Yábà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí wa. Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Síso ẹ̀rọ àwòrán mọ́ kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi, àwọn ilé àyẹ̀wò kéékèèké ni mo sábà máa ń bá ṣe é.

Word tó wà lọ́wọ́ yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Developer, ẹ lọ síbi Drop-Down List, ẹ kọ Right, Left àti Both sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí gbogbo ibi tí wọ́n ti lè dárúkọ apá, títí kan ìlà àkọ́kọ́ nínú àkótán. Tí èèyàn ò bá yan nǹkan kan, gbólóhùn kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tó ní kó yàn, ó sì máa ń bá ìwé jáde tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ lè yí gbólóhùn yẹn padà. Ẹ kọ "A KÒ TÍÌ YAN APÁ" gàdàgbà, kó máa pariwo lójú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pamọ́ ní .dotx dípò .docx. Tí ẹ bá tẹ .dotx lẹ́ẹ̀mejì, ìwé tuntun tó mọ́ ló máa ń ṣí, ti àná ò ní sí nínú rẹ̀. Restrict Editing ló máa jẹ́ kó jẹ́ àpótí nìkan ni ọwọ́ lè dé. LibreOffice náà ní irú ohun bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Tí ẹ bá ń wá fọ́ọ̀mù tí àwọn dókítà ti tò sílẹ̀, ẹ wo RadReport. RSNA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán tó wà ní Amẹ́ríkà, ló ni í, ọ̀fẹ́ ló wà. Ẹ má gbé e bó ṣe wà o. Ẹ gé e kí ó bá iṣẹ́ yín mu.

Ṣùgbọ́n Àǹtí, bébà pélébé yẹn ń bà mí lẹ́rù ju Word lọ. Ẹni kan wo ojú ẹ̀rọ, ó kọ 3.2. Ẹ̀yin wo ìkọ̀wé rẹ̀, ẹ tẹ 2.3. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè mú ìyẹn. Èdè tí ẹ̀rọ àwòrán ń bá ara wọn sọ ni DICOM, láti 1993 ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, láti 2000 ló sì ti ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Structured Report, SR. Ohun tó ń ṣe ni pé ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Ti oyún ní ètò tirẹ̀ níbẹ̀: fífẹ̀ orí ọmọ, àyíká orí, àyíká ikùn, gígùn egungun itan. Ọwọ́ èèyàn ò ní kàn án.

Ẹ lọ wo ibi ètò DICOM lórí ultrasound yín bóyá SR wà níbẹ̀, torí lórí àwọn ẹ̀rọ kan ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Tó bá wà, Orthanc, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń gba àwòrán àti ìwọ̀n pa mọ́, lè gbà á sílẹ̀. Ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Liège ní Belgium ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2012, a kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré lásán gbé e. Ó tún lè fi orúkọ aláìsàn ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á tẹ orúkọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó, á sì bá aláìsàn lọ títí dé orí èsì. Iṣẹ́ wà nínú títò ó, mi ò ní tàn yín. Ẹ lo Word fún oṣù mélòó kan ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ohùn dókítà tó ń dárúkọ aláìsàn lórí WhatsApp, fóònù mélòó ló wà? Ẹ jẹ́ kó máa pe nọ́ńbà káàdì dípò orúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ máa da ohùn náà sínú ètò ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ibo ló ń gbé e lọ.

Agbẹ̀bí, Mùṣín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu àwa tí à ń gba èsì náà. Àárín gbọ̀ngàn tí aboyún ń rọbí ni mo ti ń kà á, iná fóònù ni mo ń fi kà á nígbà mìíràn. Ohun tí mò ń wá kò pọ̀: orí ọmọ wà nísàlẹ̀ àbí lókè, ibi ọmọ bo ọ̀nà àbí kò bò ó, omi tó àbí kò tó, oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó. Tí ẹ bá kọ ìwúwo ọmọ, ẹ kọ ìlànà tí ẹ fi ṣírò rẹ̀, bóyá Hadlock ni tàbí òmíràn, torí ìlànà méjì lè fún ọmọ kan ní ìwúwo méjì. Ẹ má sì máa yí ipò wọn padà. Tí ibi ọmọ bá wà ní ìlà kẹta lónìí, kó wà ní ìlà kẹta lọ́la. Ojú mi á ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ti ìju, ẹ jọ̀ọ́, "multiple fibroids" nìkan ò tó. Mélòó ni, èyí tó tóbi jù tó báwo, ibo ló jókòó sí. Dókítà ibi iṣẹ́ mi máa ń béèrè nọ́ńbà FIGO, 0 títí dé 8, tó ń sọ ibi tí ìju jókòó sí. Obìnrin tí ìju rẹ̀ wọ inú ilé ọmọ tó ń da ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí tirẹ̀ so rọ̀ síta.

Àǹtí Akọ̀wé, Ojúẹlẹ́gba

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ Dókítà Ìsàlẹ̀ Èkó jáde, mo gbé e fún dókítà wa. Ó kà á dé ibi àpò òróòro tí wọ́n ti gé kúrò, ó dákẹ́, ó ní irú ẹ̀ ti ṣe òun náà rí. Sátidé yẹn, ó wá láìjẹ́ pé a ní èrò. A jókòó láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, mo ra móínmóín fún un. A kó ogún èsì àtijọ́ sílẹ̀, a fi ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ohun tó ń padà wá nínú wọn. Ultrasound ikùn nìkan la rí ṣe tán lọ́jọ́ náà. Ó fi àpótí sílẹ̀ lófìfo bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi "a kò rí i dáadáa nítorí afẹ́fẹ́ inú ìfun" kún ohun tí èèyàn lè yàn fún pancreas, torí òun ò fẹ́ kí fọ́ọ̀mù fipá mú òun sọ ohun tí òun ò rí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Èmi rò pé ó kàn ń ṣagídí ni.

Lọ́sẹ̀ kìíní, mi ò yára. Dípò èsì ọgbọ̀n, méjìlélógún ni mo rí tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn èèyàn sì ń kùn níta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, èsì ọmọkùnrin kan jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, "A KÒ TÍÌ YAN APÁ" sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo padà gbọ́ ohùn dókítà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dárúkọ apá rárá. Ó ní "the kidney", ó sì kọjá lọ. Nígbà àtijọ́, apá ẹni àná ni ì bá dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Mo pè é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó tún ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó ní òsì ni. Kò bínú. Ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá wa ti ní kí oní-dọ́là náà ṣì dúró ná. Ultrasound wa kò ní SR, Oníkọ̀ǹpútà, a ti wò ó. Bébà pélébé ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe scan ló ń ka ìwọ̀n sí mi létí nísinsìnyí tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí a tó jọ ya bébà náà.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Ọmọbìnrin tó máa ń dúró fún mi ní Sọ́ńdè ṣì ń ṣí èsì àtijọ́, torí ó ní ó yá ju fọ́ọ̀mù lọ. Mi ò fẹ́ bá a jà, àṣà tí èmi fúnra mi kọ́ ọ ni. Ṣé ọ̀nà wà tí fáìlì ọdún mọ́kànlá ṣe lè ṣeé kà, tí kò sì ní ṣeé kọ nǹkan lé lórí?

Oníkọ̀ǹpútà, Yábà

Ó wà, Àǹtí. Ẹ yí gbogbo wọn sí PDF, kí ẹ kó àwọn ti Word gan-an sórí hard disk mìíràn tí wọ́n máa tì mọ́ inú àpótí. Ẹ ṣe é méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn tí ọ̀gá yín fọkàn tán. Mo lè wá bá yín ṣe é lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Àǹtí Akọ̀wé, Ojúẹlẹ́gba

Ẹ wá ní Sátidé. Dókítà á wà níbẹ̀ náà, fọ́ọ̀mù ti ọmú la fẹ́ ṣe.